Omi Èèyàn Méjì fún Ọdún Méjìlá

Agboolé Ọlágúnjú,
Èsìẹ́.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta.

Ebenezer ọmọ mi,

Ọlọ́run tó gbé wa dé òní kò ní já ọwọ́ wa sílẹ̀ lọ́la. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ Success, mo kí Marvellous ọmọ-ọmọ mi, mo sì kí pásítọ̀ yín lọ́hùn-ún bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ àti gbogbo ohun tó ń jẹ́ tìrẹ, ẹ ó máa sùn ire, ẹ ó máa jí ire, ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ kò ní dà, iná tí ẹ bá tàn kò ní jó yín, ẹnu tó bá fẹ́ fi orúkọ yín sí ohun tí kì í ṣe ire, Olúwa yóò dí ẹnu náà. Ní ti àwa, a ṣì wà. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àlàáfíà ni a wà, ìyá rẹ ní kí n pa á rẹ́, ó ní kò yẹ kí èèyàn máa fi àlàáfíà rẹ̀ yangàn ní àsìkò tí wọ́n ń ka ọdún fún un.

Mo mọ̀ pé o ti pe fóònù mi títí, mo sì mọ̀ pé inú ń bí ọ. Mo rí gbogbo ìpè náà, n kò gbé e ni. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ohùn èèyàn yóò kúrò ní Èsìẹ́, yóò gba ojú òfuurufú dé Èkó, ta ló wá mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà tó ń gbọ́? Ọ̀rọ̀ isu àti ọ̀rọ̀ òjò, a lè sọ ìyẹn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fi àtè lẹ̀ ẹ́ pa, tí mo sì fi lé Tèmi tí o rán sí wa lọ́wọ́ kí ó mú un wá fún ọ. Ó ti ṣèlérí pé òun kò ní ṣí i.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, èmi ni mo dá iṣẹ́ ilé tí ò ń kọ́ fún wa dúró. Jímọ́ọ̀ bíríkìlà kò jẹ̀bi, kò jí sìmẹ́ńtì kankan, èmi ni mo ní kí ó kó ṣọ́bìrì rẹ̀ máa lọ sílé. Kòtò ìpìlẹ̀ tó ti gbẹ́ yípo ṣì là sílẹ̀ gbayawu níwájú ilé, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ sí i, ewúrẹ́ aládùúgbò ti já sí i, ìyá rẹ kò sì gba iwájú ilé jáde mọ́, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kòtò náà jọ ohun tí òun kò fẹ́ dárúkọ. Ìyá rẹ ni ẹ̀rù ń bà o. Èmi kò bẹ̀rù. Mo kàn máa ń kọrin sókè bí mo bá ń kọjá níbẹ̀ ni, mo sì ní kí a máa tan fìtílà sùn, nítorí ẹ̀fọn.

Kí n tó wọ inú rẹ̀, ìròyìn ilé rèé. Kajú so dáadáa lọ́dún yìí, àwọn tó ń rà á ti ń wá láti Òrò. A ti ń kọ ebè, ṣùgbọ́n èmi kì í pẹ́ lóko mọ́, ìdí rẹ̀ wà níwájú. Páànù ilé wa ti ṣí lápá kan, yàrá tí o máa ń sùn ní kékeré sì ni òjò ń wọ̀ jù, a ti gbé ìkòkò mẹ́ta síbẹ̀, ohùn tí wọ́n ń dún yàtọ̀ síra wọn. Mo rántí bí ìyá rẹ ṣe jó lọ́jọ́ tí o sọ pé o fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún wa. Èmi kò jó, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ilé yẹn ni yóò mú kí ẹ̀yin náà máa sùn sílé. Ìgbàkígbà tí ẹ bá wá fún ìsìnkú tàbí ìkórè, òtẹ́ẹ̀lì ní Ọ̀mù-Àrán ni ẹ̀ ń sùn, ẹ ó bá wa jókòó títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ́ ṣú, ẹ ó ní Marvellous kò lè sùn níbi tí omi ti ń kán síni lórí. Òtítọ́ ni, n kò sì bínú sí i.

Lẹ́yìn náà ni o rán Tèmi sí wa, pé ibi iṣẹ́ kan náà ni ẹ jọ wà, pé òun ló mọ ètò ilé. Ọmọ dáadáa ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó jẹ iyán ìyá rẹ tán, ó sì bèèrè òmíràn. Kò gbọ́ Ìgbómìnà, nítorí náà gbogbo wa ń fi Yorùbá inú rédíò bá a sọ̀rọ̀, ìyá rẹ ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka Bíbélì fún ìjọ. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ní faranda, ó sì fi ilé náà hàn wá, ilé tó dúró ṣánṣán, tó ní fèrèsé ńlá, tó ní ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn, ó ní ìyẹn wà nítorí eékún màmá. Inú wa dùn. Ó wá ní òun fẹ́ kí a rí bí ilé náà yóò ṣe máa dàgbà, ó sì tẹ nǹkan kan. Ọ̀dà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́, páànù dípẹtà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ògiri sán. Lójú wa báyìí, ilé tí a kò tíì to búlọ́ọ̀kù kan sí di àgbàlagbà, ó di arúgbó. Ìyá rẹ na ọwọ́, ó sì pa kọ̀ǹpútà náà dé bí ẹni tó ń dé ìkòkò ọbẹ̀ tó fẹ́ hó dànù.

Tèmi ní sùúrù, ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní owó tí èèyàn ná kó tó kó wọ ilé kì í ṣe gbogbo owó ilé, bóyá ni kò jẹ́ pé òun ló kéré jù. Ó ní ilé ń jẹun. Láti ọjọ́ tí a bá ti wọ̀ ọ́ ni yóò ti máa bèèrè ọ̀dà, yóò máa bèèrè bátìrì sólà, yóò máa bèèrè ẹ̀rọ tí ń fa omi, títí tí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ó ní bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a tó yan ohun tí a ó fi kọ́ ọ, ìyẹn ni ìṣirò ọjọ́ ayé ilé, iṣẹ́ tí ìwọ gan-an kọ́ òun. Ó fi páànù ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tí Jímọ́ọ̀ fẹ́ rà fẹ́lẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ léraléra, èyí tó nípọn wọ́n lónìí, ṣùgbọ́n a lè má fọwọ́ kàn án mọ́ títí àwọn ọmọ Marvellous yóò fi gbọ́njú. Ìyẹn yé mi. Alùpùpù àlòkù tí mo rà ní pọ́ọ́kú níjọ́sí, ta ni kò mọ̀ pé ilé mẹkáníìkì ló sùn jù? Jímọ́ọ̀ tó jókòó tì wá ní tòun kò yé òun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń mọlé, kò sí ẹni tó bi òun léèrè ọjọ́ tí yóò gbó, ó ní kọ́ ilé, wọ̀ ọ́, kí àlùbáríkà wà níbẹ̀, ìyókù dọwọ́ Ọlọ́run.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ rèé. Èmi ni mo bèèrè, ẹnu mi ló fà á. Mo ní títí di ìgbà wo ni ilé yóò fi máa jẹun? Tèmi ní ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ṣírò fún un. Mo ní lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ńkọ́? Ó ní a ó wó o, òun sì ti fi owó wíwó rẹ̀ mọ́ ìṣirò. Orí mi wú. Ebenezer, mo ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí kò lóǹkà, n kò tíì dé ibi tí wọ́n ti gbé pósí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin àti iyọ̀ rí. Mo ní kí ó lọ wo àwọn ère òkúta tó wà ní ìlú wa níbí, tí baba ńlá ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìgbà tí wọ́n ti jókòó síbẹ̀, ta ló ṣírò ọjọ́ ayé wọn? Jímọ́ọ̀ ní bàbá, ẹ tún wọn wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lórí mọ́. Mo ní kí ó dákẹ́.

Ìyá rẹ rò pé òun yóò fi ọ̀rọ̀ mìíràn tù wá nínú, ó bèèrè bí táńkì omi yóò ṣe tóbi tó. Tèmi wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní òun ṣírò omi èèyàn méjì fún ọdún méjìlá, lẹ́yìn ìyẹn omi èèyàn kan fún ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà omi mẹ́gáàdì. Ó kà á lọ gbọọrọ bí ẹni tó ń ka iye ìṣó. Ìyá rẹ ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Èèyàn méjì, lẹ́yìn náà èèyàn kan. Àwọn baba wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwọ tí mo bí, tí mo gbé pọ̀n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwé, o rán èèyàn láti Èkó wá ka baba àti ìyá rẹ lójú ara wọn. Ìwọ tí o mọ̀ wá, ta ni nínú àwa méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ lọ?

Tèmi padà sí Èkó, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sáàárín wa. Mo ní èmi ni, nítorí èmi ni mo dàgbà jù. Ìyá rẹ ní òun ni, nítorí eékún òun. Mo ní eékún kì í pa èèyàn, ó ní kí ni mo mọ̀ nípa eékún. Àwa tí a kò jà nítorí oúnjẹ rí, a ń jà nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ ṣẹ́kù. Bí mo bá wúkọ́, yóò yọjú láti ilé ìdáná. Bí òun bá pẹ́ ní balùwẹ̀, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gba àdá lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má gun ọ̀kadà mọ́, ó ní kí n má pẹ́ lóko. Èmi náà kò jẹ́ kí ó gbé igi mọ́. A wá jókòó, a ń wo ara wa bí ẹyin tí a gbé sórí òkúta.

Èmi ni mo ronú ọgbọ́n rẹ̀. Mo ní bí omi èèyàn méjì yóò bá tó ọdún méjìlá, ẹni tó bá ń wẹ garawa kan kíkún ni wọ́n ṣírò ìyẹn fún. Bí a bá ń wẹ ìlàjì, ọdún náà yóò di ìlọ́po méjì. Bí abọ́ kan bá sì tó wa, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí yóò bá wa dé. Lóòótọ́ a kò tíì gbẹ́ kànga ilé tuntun, ṣùgbọ́n ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin, ọjọ́ yẹn náà ni a bẹ̀rẹ̀. Abọ́ kan láàárọ̀ fún èmi, abọ́ kan fún ìyá rẹ, kò sí ti ìrọ̀lẹ́. Mímu náà, a ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò ni. Ìyá rẹ fi omi díẹ̀ se isu, isu jóná. Ó fi omi díẹ̀ se ọbẹ̀, ọbẹ̀ ki bí amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Aṣọ fífọ̀, a so ìyẹn rọ̀ ná.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ń sún, wọ́n ń sún, títí èmi nìkan fi ni bẹ́ńṣì. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Pásítọ̀ wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá àìsàn kan wà nílé tí a kò fẹ́ sọ, mo ní rárá, ìṣirò ni, ó bá mi gbàdúrà tó gùn lórí ìṣirò. Jímọ́ọ̀ ló là á mọ́lẹ̀. Ó lọ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó ní bàbá, ẹ má bínú, ṣé kànga ti gbẹ ní Èsìẹ́ ni? Nígbà tí mo sọ fún un, ó káwọ́ lérí. Ó ní ohun tí òun ti ń bẹ̀rù nìyẹn, pé wọ́n á fi ìwé dẹ́rù ba èèyàn nínú ilé rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mọ ilé yìí bí òun ṣe mọ tàwọn èèyàn, láìka ọdún fún ẹnikẹ́ni, ó ní bí n kò bá gba òun gbọ́, kí n lọ wo ilé ńlá tí òun bá Abdulkadir tó ń gbé ìdálẹ̀ kọ́ fún àwọn òbí rẹ̀.

Mo ní n ó lọ, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ gba báńkì lọ ní Ọ̀mù-Àrán. Tèmi ti sọ fún wa pé o ṣí àkáǹtì kan fún ilé náà, tí owó àtúnṣe rẹ̀ yóò máa bọ́ sí lóṣooṣù. Mo wọ agbádá ìkórè mi lọ. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé mo wá rí owó ilé. Ó ní ilé wo, mo ní ilé tí kò tíì sí. Mo ní owó páànù kò ní wàhálà, kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi ṣa owó wíwó jáde láàárín wọn, nítorí kò dáa kí owó tí yóò wó ilé máa sùn pọ̀ pẹ̀lú owó tí yóò bò ó, wọ́n lè kó èèràn ran ara wọn. Ó wò mí títí, ó ní kí n jókòó, ó sì fún mi ní omi inú ọ̀rá. N kò mu ún, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣírò ti báńkì náà mọ́ ọn. Ọ̀gá wọn wá, ó ṣe jẹ́jẹ́, ó ní ẹni tó ṣí àkáǹtì nìkan ló lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Mo ní ó dáa, kí wọ́n ṣáà bá mi kọjú èyí tó burú sí ibòmíràn. Ó ní àwọn yóò gbìyànjú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń bọ̀ ni mo yà sí ilé Abdulkadir. O mọ ilé náà, èyí tó ní òpó mẹ́rin níwájú, tí gbogbo wa lọ jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ ìṣílé, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jókòó sí faranda tí wọ́n ń gba ọwọ́ èèyàn. Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa wọn láti ọjọ́ yìí wá. Ebenezer, páànù rẹ̀ ti ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Sílíìnì ti sọ̀ kalẹ̀. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìn, ó ti la ògiri náà gba ibẹ̀ wọlé. Mẹ́gáàdì jáde sí mi pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó kí mi káàbọ̀ bí onílé, ó sì mú mi wọ pálọ̀. Isu rẹ̀ ló tò sí pálọ̀ náà. Àga méjì tí àwọn àgbà yẹn jókòó sí ṣì wà ní faranda, adìyẹ ń sàba lórí ọ̀kan, ó ní kí n jókòó sí èkejì. N kò lè jókòó. Mo bi í pé ìgbà wo ni Abdulkadir wá gbẹ̀yìn. Ó ní ọ̀gá máa ń fi owó ránṣẹ́, ọ̀gá ṣe dáadáa. Mo ní ìgbà wo ló rí i gbẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí i rí, ọwọ́ mẹ́gáàdì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òun ti gba iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Èmi gan-an, kì í ṣe ìyá rẹ. Mo rìn kúrò níbẹ̀, n kò sì lè sọ ohun tí mo rí tó dẹ́rù bà mí, nítorí isu àti adìyẹ kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Nígbà tí mo délé mo sọ fún Jímọ́ọ̀ pé mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó má tíì mú ṣọ́bìrì rẹ̀ padà.

Ìgbà náà ni o tún rán Tèmi wá kí ó wá wo ohun tó dá iṣẹ́ dúró. Ó bá wa pẹ̀lú ètè gbígbẹ. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ abọ́ kan, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó dìde, ó lọ fa omi fúnra rẹ̀, ó sì dúró tì wá títí a fi mu ún. Ó ní omi tí òun ṣírò kì í ṣe ìpín wa, pé a fi ń mọ bí ẹ̀rọ àti táńkì yóò ṣe tóbi tó ni, pé bí a wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kò sí ọjọ́ kan tí yóò yọ kúrò níbẹ̀. Mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọdún méjìlá náà, láti inú ọjọ́ orí àwọn èèyàn púpọ̀ ni wọ́n ti fà á yọ, kò sí ẹni tó mọ tiwa, òun sì tọrọ àforíjì pé òun kà á sí wa létí bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá baba tirẹ̀ wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ní iye wo ni mo fẹ́. Mo ní ogójì ọdún fún àwa méjèèjì, ó ní bàbá, mo ní márùndínlógójì, a ná an títí, a fi í sí ọgbọ̀n ọdún, omi èèyàn méjì, wọ́n jọ dé òpin rẹ̀ papọ̀, kò sí omi èèyàn kan mọ́. Owó tó fi lé e kò tilẹ̀ pọ̀. Ní ti owó wíwó, mo ti rí ilé Abdulkadir, mo ti mọ̀ pé ilé tí kò bá sí ẹni tó ronú òpin rẹ̀ yóò wó lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí ó wà níbẹ̀. Mo kàn ní kí ó kọ ọ́ ní kékeré.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, mo ti ní kí wọ́n lọ pe Jímọ́ọ̀. Ìyá rẹ ló wá la ẹnu. Ó ní, Tèmi, omi Ebenezer dà níbẹ̀?

Tèmi wo kọ̀ǹpútà. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní rí i. Ó ní, kò sí níbẹ̀, màmá. Ó ní, àwọn fúnra wọn ò sọ pé kí n fi wọ́n sí i.

Ìyá rẹ ní ó dáa. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ọmọ mi, mo ti wá mọ ohun tí mo rí ní ilé Abdulkadir. Ẹ̀rù ń bà mí, Ebenezer, n kò ní purọ́ ẹ̀fọn fún ọ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ni mo ń bẹ̀rù mọ́, ẹni tó bá ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, òun àti ikú ti ń kí ara wọn lọ́nà. Láti ọjọ́ tí àwa bá ti lọ títí di ọjọ́ tí wọn yóò wó ilé yẹn, o ṣírò ọ̀dà, o ṣírò páànù, o ṣírò mẹ́gáàdì, o kò ṣírò ara rẹ. Mo ń bẹ̀rù ọkùnrin kan tí a kò tíì bí, tí yóò to isu sí pálọ̀ mi, tí yóò gbé àga mi fún àlejò, tí yóò sì sọ fún un pé òun kò rí ọ rí.

Nítorí náà kòtò náà ṣì là sílẹ̀. Ohun tí yóò dí i kò le. Sọ fún Tèmi kí ó fi omi rẹ sí i, omi Success, omi Marvellous. N kò ní kí ẹ kó iṣẹ́ yín dànù. Ìbáà jẹ́ omi Kérésìmesì àti Àjíǹde àti ìkórè nìkan, kí ó ṣáà wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, títí lẹ́yìn wa. Tèmi ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, táńkì yóò tóbi sí i, yàrá kan yóò sì lé e, owó yóò gùn. Mo ní kí ó gùn. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé o ti fi sí i, Jímọ́ọ̀ yóò mú ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, páànù tó nípọn ni yóò sì lò, mo ti bá a jà lórí ìyẹn.

Fi owó ránṣẹ́ sí wa. Sìmẹ́ńtì tó wà nílẹ̀ ti gan, òjò kàn án nígbà tí mo dá iṣẹ́ dúró, Jímọ́ọ̀ ń fi ọ̀kan jókòó. Ewúrẹ́ tó já sí kòtò dá lẹ́sẹ̀, ẹni tó ni ín kò bínú, ṣùgbọ́n ó ń wá kí wa lójoojúmọ́. Owó òróró eékún ìyá rẹ ti tán. Fi owó ọṣẹ sí i, kí ó pọ̀ díẹ̀, nítorí aṣọ tó wà nílẹ̀ láti fọ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, àbọ̀ ni mo sì tẹnu mọ́. O kò ní kọ́lé fún mẹ́gáàdì. Ìwọ ni yóò sin wá, ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, ẹnu ọ̀nà tí a bá gbà jáde lọ sínmi, ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbà á wọlé. Success yóò máa ṣe ìyá, Marvellous yóò dàgbà ju gbogbo wa lọ. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Sámúẹ́lì Ọlágúnjú.

Ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó kọ èyí kún un. Ó ní garawa aláwọ̀ ewé tí o fi ń wẹ̀ kí o tó lọ sí Èkó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, òun sì ti pọn omi kún un.